Gbólóhùn Tí Kò Ní Àmì Àyọlò

Àwòdì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pe olùkọ́ kan lẹ́yìn rẹ̀, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tí ọmọ jí kọ látinú ìwé ẹlòmíràn tó lè pa mọ́ fún un. Lọ́sàn-án yìí, ara fu ú. Nínú àròkọ tí ọmọbìnrin kan kọ nípa àdán, gbogbo ọ̀rọ̀ ló ní àmì àyọlò àti orúkọ ẹni tó ni ín, àfi gbólóhùn kan: “Ìwé mẹ́rin ló ní àdán fọ́jú, ṣùgbọ́n kò jọ pé ẹnì kankan nínú wọn wo ojú àdán rí.”

Ó dùn ju ọ̀rọ̀ ọmọdé lọ.

“Ọmọ yìí, ọ̀dọ̀ ta lo ti jí èyí? Bí mo bá rí i, òdo ni, wàá sì tún ọdún yìí kà.”

“Èmi ni mo rò ó, sà.”

“Ìwọ kẹ̀? Orí tó gbàgbé báàgì sí kíláàsì lánàá?”

“Orí kan náà ni, sà. Àwọn ìwé ọ̀hún rèé.”

Olùkọ́ dojú kọ wọ́n bí ọdẹ. Ìwé kìíní ní ìkejì ló sọ pé àdán fọ́jú, ìkejì nawọ́ sí ìkẹta, ìkẹta nawọ́ sí ìkẹrin. Ìkẹrin, ògbólógbòó tí èèpo rẹ̀ ti ya dànù, kàn sọ ọ́ bí ẹni rọ́ àlá, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

“Oníjìbìtì. Ta ló kọ eléyìí gan-an?”

Ó ṣí ojú ewé àkọ́kọ́, ó bá orúkọ ara rẹ̀ pàdé.

“Ṣé o rí orúkọ yìí kó o tó kọ̀wé?”

“Mo rí i, sà. Mo tọ́ka sí i dáadáa, ó wà lójú ewé tó gbẹ̀yìn àròkọ mi.”

Ó fún un ní máàkì rẹ̀ láìdín. Lẹ́yìn náà ló tilẹ̀kùn, tó ń fojú burúkú wo fèrèsé, bí ẹni tí àdán ń wò láti ìta.