Irùngbọ̀n Tìrìmísíyù

"Bàbá, ṣé ẹ ń gbóòórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀?"

Beulah, ọmọbìnrin tó ń bá àwọn òṣìṣẹ́ dán ìbòmú wò, tún fín nǹkan olóòórùn inú ìgò kan sí Tìrìmísíyù lójú. Ńṣe ló ń gbọ́ ọ bí ẹni tó jókòó ti ọlọ́gẹ̀dẹ̀ l'Ọ́yíngbò.

"Mo ń gbọ́ ọ," ó ní.

"Ìbòmú yín ò lẹ̀ mọ́ yín lójú nìyẹn. Bí òórùn bá lè wọlé, eruku asibẹ́sítọ́ọ̀sì náà á wọlé, ẹ̀dọ̀fóóró ló sì ń bà jẹ́. Irùngbọ̀n yín ni. Ẹ fá a, kẹ́ ẹ padà wá lọ́la. Bí ọ̀la bá kọjá, ó di ọdún tó ń bọ̀."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Teslim ni, ẹni tó ti yege tirẹ̀.

Títú àjà asibẹ́sítọ́ọ̀sì àwọn ilé àtijọ́ Èbúté Mẹ́ta ni Tìrìmísíyù fi ń jẹun látìgbà tó ti fi ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ wá sọ pé ẹni tí kò bá níwèé àṣẹ kò gbọdọ̀ tú asibẹ́sítọ́ọ̀sì mọ́, ẹni tó bá sì yege ìdánwò ìbòmú yìí ni wọ́n ń fún níwèé náà. Ṣùgbọ́n irùngbọ̀n yìí kì í ṣe irun lásán. Ọ̀gá kan náà ló kọ́ òun àti Teslim níṣẹ́. Ọjọ́ tí Teslim gba ẹ̀yìn lọ já iṣẹ́ Ìgànmú gbà mọ́ ọn lọ́wọ́ ni Tìrìmísíyù ti sọ lójú gbogbo ẹlẹgbẹ́ wọn pé abẹ kò ní í kan àgbọ̀n òun àfi bí Teslim bá wá bẹ òun. Irun náà ti kan àyà.

Nígbà tó délé, Ìdíátù ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ.

"Bàbá Ameenah, ṣé wọ́n ní kẹ́ ẹ dárí jì í ni?"

"Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Àgbọ̀n ni wọ́n bèèrè. Ẹ fún wọn lágbọ̀n, kẹ́ ẹ tọ́jú ìjà yín sínú. Àbí inú irun ni ìjà ń gbé?"

Tìrìmísíyù ké sí onígbàjámọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Beulah fín nǹkan títí, Tìrìmísíyù kò gbóòórùn kankan. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé rẹ̀. Ó jáde, atẹ́gùn ń fẹ́ sí i lágbọ̀n, ara rẹ̀ yá gágá. Teslim ń dúró dè é lẹ́nu géètì.

"Tìrì, o ti fá a. Ìjà parí nìyẹn."

"Ìjọba ni mo fá a fún. Ọ̀rọ̀ tiwa ṣì wà níbi tó wà."

Teslim bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ilẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Jẹ́ kí n bẹ̀ ọ́ nígbà náà. Mo jẹ̀bi. Má bínú."

Tìrìmísíyù fọwọ́ pa àgbọ̀n rẹ̀ tó ń dán.

"Dìde. Bí o bá bẹ̀ mí báyìí, kí ni kí n wá fá? Jẹ́ kó hù ná."

"Iṣẹ́ yìí ò ní í jẹ́ kó hù mọ́."

"Ìyẹn ò kàn mí," ó ní. Ó yíjú sọ́nà ilé, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì rọra ń rìn kí Teslim lè bá a.