Tìróò Lẹ́yìn Gíláàsì

Láti ọjọ́ tí ìjọba ti ní àwọn máa da owó sí ilé iṣẹ́ ṣíípù, ohun bíńtín tó dà bí ọpọlọ fún fóònù, tí wọ́n ń kọ́ nítòsí oko wa ni ara ti ń fu mí. Wọ́n ní iṣẹ́ rẹpẹtẹ ń bọ̀ fún ọmọ àdúgbò. Èmi Verna ní ó dáa, a ó máa wò ó.

Ṣùgbọ́n Lyle ọkọ mi ti gbà á gbọ́ tán. Corinne ọmọ wa ló fà á. Ó ní òun ti wọṣẹ́ níbẹ̀, òun ń ṣe ṣíípù tó ń wọ inú fóònù, wọ́n á sì gba bàbá òun náà láìpẹ́. Ni Lyle bá ta gbogbo màlúù wa, ó lóun ò ní jí nídàájí lọ fún wàrà mọ́ láyé òun. Màlúù tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un!

Mo ní, "Lyle, ṣé o ti fojú ara rẹ rí iṣẹ́ ọ̀hún?"

"Ìwọ obìnrin yìí! Bí o bá dé ọ̀run, wàá ní kí wọ́n fi ìwé ilẹ̀ hàn ọ́."

"Màá sì bi wọ́n dáadáa!"

Ọjọ́ tí ọkọ̀ ń bọ̀ wá kó màlúù náà ni àwọn aṣojú ìjọba ń bọ̀ wá ṣí ilé iṣẹ́. Mo bẹ Lyle kó má tíì jẹ́ kí wọ́n kó ẹyọ kan títí màá fi dé ọ̀hún pè é. Ó kùn díẹ̀, àmọ́ ó gbà.

Èmi náà ti jókòó rí ní kíláàsì tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń wá iṣẹ́ níbẹ̀. Eruku ni olùkọ́ ń pariwo ṣáá, pé bíńtín rẹ̀ á ba ṣíípù jẹ́. Kò sí àtíkè, kò sí lọ́fínńdà, kò sí tìróò. Ẹni tó bá kun ohunkóhun ò ní wọlé.

Nígbà tí mo dé ibi ìṣílé náà, wọ́n kó àwa ará àdúgbò lọ síwájú gíláàsì ńlá kan. Àwọn òṣìṣẹ́ ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú lọ́hùn-ún, aṣọ funfun bò wọ́n látòkè délẹ̀, ojú nìkan ló yọ. Àwọn ará ìjọba ń pàtẹ́wọ́. Gert aládùúgbò mi fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi.

"Ṣé o ti rí i báyìí, aláìgbàgbọ́?"

Mo sún mọ́ gíláàsì. Ọ̀kan nínú wọn kọjá, tìróò dúdú kirikiri wà lójú rẹ̀. Bí iṣẹ́ gidi bá ń lọ níbẹ̀, wọn ì bá ti lé eléyìí jáde. Ìran lásán ni wọ́n ń fi hàn wá!

Ẹni náà yíjú sí mi. Háà! Corinne ni. Ojú tí mo bí fúnra mi, ṣé màá ṣì í mọ̀ ni? Ó rí mi, ó sì fi ìka lé ibi tí ẹnu rẹ̀ wà lábẹ́ aṣọ, pé kí n dákẹ́.

Mo sáré jáde, mo pe Lyle. "Má jẹ́ kí wọ́n kó wọn o! Irọ́ ni, kò síṣẹ́ kankan níbẹ̀!"

Lyle ní, "Corinne ti pè mí láàárọ̀. Ó ní kí n má dúró de ìpè rẹ, wọ́n ti ṣèlérí fún òun pé bí ti òní bá lọ dáadáa, iṣẹ́ èmi náà ti dájú."

Mo tẹ́tí bóyá màá gbọ́ igbe màlúù kan lẹ́yìn ohùn rẹ̀. N ò gbọ́ ẹyọ kan.