Ọkọ̀ Tí Wọ́n Ṣàdúà Sí Kí Wọ́n Tó Yẹ Abẹ́ Ẹ̀ Wò

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o! Ẹ sún mọ́ mi dáadáa, òfófó wà lẹ́nu mi, àmọ́ kì í ṣe òfófó ẹ̀rín o.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé ọ̀dà ọkọ̀ ni mò ń tà ní Adigbẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mùtíù tó ń ṣe pánẹ́lì. Jùbrílù, tó ń ta aṣọ ní Ṣàpọ́n, ló gbé ọkọ̀ ẹ̀ wá, iwájú ẹ̀ ti wó pátápátá. Mùtíù lù ú, ó jó irin mọ́ irin, ó kùn ún, ọkọ̀ ń dán bíi dígí. Ó wá ku kó fi jáàkì gbé e sókè, kó yọ táyà, kó yẹ irin tó jó nídìí táyà lábẹ́ wò, bóyá ó dì dáadáa. Gbogbo ọkọ̀ tó bá ti forí gbá nǹkan ló máa ń ṣe é fún.

Àfi bí Jùbrílù ṣe dé lọ́jọ́ Jímọ̀, tòun ti àfáà àti ìyá ẹ̀, Àlàájà Àfúsá. Nílé tiwọn, ọkọ̀ tó bá ti ní jàǹbá, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe sàárà sí i kí wọ́n tó tún wọ̀ ọ́. Ìyá gbé mọ́sà wá nínú ike ńlá. Àfáà ṣàdúà, a ṣe àmín, a ń jẹ mọ́sà.

Mùtíù wá rọra ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó sùn síbí. Mi ò tíì yẹ abẹ́ ẹ̀ wò."

"Lẹ́yìn àdúà?" Jùbrílù lanu. "O fẹ́ tún tú ohun tí àfáà ti dì? Àbí jáàkì ẹ ju Ọlọ́run lọ?"

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá náà ní, "Mùtíù ọmọ mi, iṣẹ́ ẹ dáa, má bẹ̀rù."

Ojú ti Mùtíù. Ó fún Jùbrílù ní kọ́kọ́rọ́.

Jùbrílù àti ìyá ẹ̀ ò dé Papalanto tí wọ́n ń lọ. Ibi tí Mùtíù jó yẹn já, táyà ká sábẹ́ ọkọ̀, wọ́n lọ gbá tírélà tó dúró. Ọwọ́ Jùbrílù ṣẹ́. Ìyá ò sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi gbé e dé ọsibítù, ibẹ̀ náà ló kú sí. Wọ́n ní ike mọ́sà ṣì wà ní síìtì ẹ̀yìn.

Níbi fìdáù, Jùbrílù ń sọ fún gbogbo ayé pé Mùtíù búra fóun pé òun ti yẹ gbogbo ẹ̀ wò. Sàfúrátù, àbúrò Jùbrílù obìnrin, fà mí lọ sẹ́yìn ilé.

"Àǹtí ọlọ́dà, ẹ wà níbẹ̀. Ẹ torí Ọlọ́run. Ṣé ó yẹ̀ ẹ́ wò?"

Mo ní, "Rárá. Ó ní òun ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀gbọ́n ẹ ló ní kó fi sílẹ̀. Mùtíù náà sì fún un ní kọ́kọ́rọ́."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò sunkún. "Ìyá mi ńkọ́? Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní kí Mùtíù má bẹ̀rù."

Àtìgbà tọ́rọ̀ yẹn ti dé etí wọn, Jùbrílù ò kí mi mọ́. Mùtíù náà ti ń ra ọ̀dà níbòmíì, ó ní kí ló kàn mí tí mo fi dárúkọ kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á yìí, ká ní ẹ̀yin ni Sàfúrátù fà lọ sẹ́yìn ilé, kí lẹ bá sọ fún un?