Omi Tó Mọ́ Jù

DNA, okùn tíntìntín méjì tó máa ń lọ́ mọ́ra, tó kù fún iṣẹ́ àṣekágbá Dásọ́lá ní yunifásítì kò ju ẹ̀kán kan lọ. Ọgbọ́n àgbọ́njù ní kó fi omi mímọ́ gaara tí kò níyọ̀ rárá pò ó. Ni wọ́n bá múná lọ, ooru ọ̀sán Ọ̀tà kún láàbù, okùn méjèèjì tó lọ́ mọ́ra nínú DNA náà sì tú ká.

"Ṣé ọbẹ̀ ilé yín náà kì í níyọ̀ ni?" Ìyáàfin Àpọ́nlé, ọ̀gá láàbù, bi í. "Láìsí iyọ̀, ńṣe ni okùn méjèèjì ń ti ara wọn dànù. Bu iyọ̀ sí i, kó o jẹ́ kó tutù díẹ̀díẹ̀."

Nígbà tí iná dé, ó bu iyọ̀ sí i. Ariwo ọkọ̀ ní oríta Iyana Iyesi níta jìnnà lọ létí ẹ̀. Lójú ọkàn ẹ̀, àwọn okùn ń léfòó, wọ́n ń wá ẹnìkejì wọn kiri, wọ́n ń rọra lọ́ mọ́ra. Nọ́ńbà tó ga lójú ẹ̀rọ tó ń wọn DNA nígbà tí wọ́n tú ká bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀.

"Mà, wọ́n ti padà!"

"Mo rí i. Jókòó, kó o máa ṣiṣẹ́ ẹ lọ."