Gbogbo Wọn Ló Ń Jẹ́ Ìyá Kẹ́mi

Ẹ jẹ́ kí n sọ àlá yìí kó tó fò lọ. Mo rí ara mi ní yunifásítì, mo ń kọ́ iṣẹ́ ìròyìn orí kọ̀ǹpútà láàárín àwọn ọmọdé. Olùkọ́ wa, ọmọbìnrin tí kò dàgbà tó Kẹ́mi ọmọ mi, ní orúkọ gbogbo ará ìlú wà nínú kọ̀ǹpútà, òkú àti alààyè, ẹni tí a bá sì tẹ orúkọ rẹ̀ yóò jáde, àmọ́ òun máa tó pa iná. Mo yára tẹ Ìyá Kẹ́mi, torí bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń pe ìyàwó mi kó tó kú.

"Bàbá, ẹ rọra, kì í ṣe ilẹ̀kùn lẹ ń kàn!" ni ọmọ tó jókòó tì mí wí.

Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Wọn ò ga ju ìka ọwọ́ lọ, ẹ̀wù funfun mi ló wà lọ́wọ́ olúkúlùkù wọn, wọ́n ń rán bọ́tìnnì sí i. Wọ́n kún orí tábìlì, wọ́n ń já bọ́ sórí itan àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọn ò sì gbójú kúrò lára abẹ́rẹ́.

"Bàbá, orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ ni kẹ́ ẹ tẹ̀," ni olùkọ́ wí.

N kò rántí rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin kéékèèké náà gbójú sókè. "Bàbá Kẹ́mi, ẹ tètè pè mí, olùkọ́ yín ti nawọ́ láti pa iná."

Ìyá Kẹ́mi ni mo tún pè. Gbogbo wọn dáhùn, olùkọ́ pa iná, mo sì jí.