Kò Sẹ́ni Tó Máa Gbé Kọfí Lọ́jọ́ Náà

Láti ọjọ́ Ajé ni Valdelice ti ń pariwo rẹ̀ sí gbogbo obìnrin tó wà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ inú ilé wọn létí: tí aṣòfin bá dé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dìde gbé nǹkan fún un. Ì báà ṣe omi, ì báà ṣe kọfí. Ó máa jókòó sórí àga onígi bíi tiwọn, ó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn, ó máa lọ.

Nǹkan kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà: kó ṣèlérí lójú gbogbo wọn pé òun á gbé ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìsinmi wọn dé Brasília, olú ìlú orílẹ̀-èdè wọn, níbi tí wọ́n ti ń kọ òfin tuntun. Ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí ọ̀gá ò ní lè sọ pé, "Jọ̀ọ́, bá mi dúró díẹ̀ sí i." Àwọn òṣìṣẹ́ yòókù ní in, àwọn obìnrin dúdú tó ń fọ àwo àwọn olówó ni kò ní. Ẹ gbọ́ ná, ṣé ìyẹn ò tó bí èèyàn nínú? Valdelice ti ń dáná nílé Ìyáàfin Heloísa láti ìgbà tí kò tíì yọ ọmú, ìyáàfin náà sì máa ń sọ fún àlejò pé, "Ọmọ ilé ni Val." Ọmọ ilé wo ló ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ?

Ọjọ́ Àìkú ni ìpàdé, nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní àdúgbò Federação. Wọn ò lè tètè dé, torí pé oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni àwọn ọ̀gá kà sí jù. Ìgbà tí wọ́n fọ ìkòkò ìkẹyìn tán ni kálukú tó sáré wọ bọ́ọ̀sì. Jucinete, ọ̀rẹ́ Valdelice tó ń ṣiṣẹ́ nílé olówó kan ní àdúgbò Graça, ló dé kẹ́yìn. Ó gbé kéèkì àgbàdo àti fúláásì kọfí dání.

Valdelice wo fúláásì, ó wo ojú rẹ̀. "Jucinete, kí la sọ?"

"Háà, Val! Èèyàn á wá bá wa lálejò, a ò ní fi nǹkan kàn án lẹ́nu? Ìyá mi ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀."

"Gbé e pamọ́ sí kíṣìnnì. Tí mo bá rí i níta, èmi àti ẹ ni."

"Ó dáa, ó dáa. Ọ̀gá kan ti tó mi o, má fi tìẹ kún un." Ó rojú, ó gbé e wọlé.

Aṣòfin dé, ó bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó jókòó. Títí dé ibẹ̀, ó dáa. Àfi bó ṣe yọ áńkáṣíìfù, tó nu ọrùn, tó mí kanlẹ̀: "Ooru yìí mà pọ̀ o!"

Ẹ̀yin èèyàn mi, kò béèrè omi o! Ooru ló ní ó pọ̀. Kí Valdelice tó ṣẹ́jú, ìdajì gbọ̀ngàn ti dìde. Ẹnì kan ń ṣí fèrèsé, ẹnì kan ń fi ìwé orin fẹ́ ẹ, ẹnì kan ti sáré lọ bu omi. Wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé àwọn dìde. Ẹsẹ̀ wọn ló gbé wọn. Omi dé, wọ́n ní omi lásán ò dáa, kọfí tẹ̀lé e. Kọfí dé, kéèkì tẹ̀lé e. Ẹni tó lọ mú àwo rí i pé eruku wà lára rẹ̀, ẹni tó ń fọ àwo rí i pé ilẹ̀ kíṣìnnì dọ̀tí, ẹlòmíì wá ìgbálẹ̀. Valdelice ní tiẹ̀ kò dìde. Ó ń ṣẹ́jú sí wọn, ó ń fọwọ́ pè wọ́n, kò sẹ́ni tó wo ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ó dìde bẹ́ẹ̀ náà, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tó ti ń dá sọ nídìí ìdáná láti oṣù tó kọjá. "Aṣòfin, Valdelice lorúkọ mi. Gbogbo àwa tí a wà níbí..."

Ọkùnrin náà gbé kéèkì mì, ó wo àwọn àga tó ṣófo. "Gbogbo yín dà, ìyá? Wọ́n ní ẹ pọ̀. Ṣé ẹ̀yin mẹ́rin yìí náà ni ẹgbẹ́?"

Ojú ti Valdelice débi pé omi fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. "Wọ́n wà ní kíṣìnnì, sà."

"Áà. Ẹ má bínú, mo níbi tí mò ń lọ."

Valdelice já wọ kíṣìnnì. "Ṣé orí yín pé báyìí? Àwo ẹyọ ẹnì kan ni gbogbo yín ń fọ̀! Ẹ jáde, kó rí yín!"

Wọ́n rọ́ jáde, ọṣẹ lọ́wọ́, aṣọ ìnuwọ́ léjìká. Aṣòfin ti dìde, ṣùgbọ́n àwo ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ta ló ṣe kéèkì yìí? Ìyàwó mi ń wá alásè lójú méjèèjì."

"Èmi ni, sà," ni Jucinete wí. Inú rẹ̀ dùn, ó hàn lójú rẹ̀. Ó wá rò ó díẹ̀. "Ṣé màá máa sinmi lọ́jọ́ Àìkú, sà?"

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Ọjọ́ Àìkú kẹ̀! Ọjọ́ Àìkú gan-an ni àlejò máa ń pọ̀ nílé wa."

Jucinete rìn lọ bá a, ó na ọwọ́. "Ẹ mú àwo yẹn wá, sà."

"Ẹ ṣeun, ẹ má fi kún un, ó ti tó mi."

"Mi ò fẹ́ fi kún un." Ó gba àwo náà mọ́ ọn lọ́wọ́, tòun ti kéèkì tó kù nínú rẹ̀. "Ẹ jókòó. Ọ̀rẹ́ mi ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́."

Kò jókòó. Ó ní àwọn á tún ríra, ó bọ́ síta, kò ṣèlérí kankan.

Valdelice dúró gbagidi síwájú, kò mọ ẹni tí òun máa kọ́kọ́ bú. Jucinete jókòó sórí àga tí aṣòfin fi sílẹ̀. "Ó yá, Val, sọ ọ́," ló wí. "Àwa gan-an ò tíì gbọ́ ọ."