Ìjókòó Iwájú

"Di ojú rẹ. Má là á títí tí mo fi máa ní kó o là á. Ilẹ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ ti mọ́ báyìí. Kí lo rí?"

Ohun tí Màmá Òdòdó máa ń sọ fún gbogbo àfẹ́sọ́nà tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nìyẹn. Kì í kọ́kọ́ fi àwòrán aṣọ hàn wọ́n, kì í sì í bèèrè àwọ̀ tí wọ́n fẹ́. Ó ní ojú tó bá là sílẹ̀ máa ń fẹ́ ohun tó rí lára ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ojú tó bá dì kì í parọ́. Bí ọkọ ìyàwó bá sọ tirẹ̀ tán, ìyàwó á sọ tirẹ̀, ibi tí àlá méjèèjì bá sì ti pàdé ni màmá máa ń gbé òdòdó kalẹ̀ sí. Iṣẹ́ yìí ló fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ dàgbà. Kò sí ìyàwó tó gba ọwọ́ rẹ̀ jáde tí èèyàn kì í yíjú wò.

Àmọ́ tòní yàtọ̀. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ ló jókòó sórí àga, òun àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Láti ìgbà tí màmá ti ń pọn ọmọ yìí káàkiri gbọ̀ngàn ìnáwó àwọn ẹlòmíràn ló ti ń fi ojú inú ṣe ìgbéyàwó rẹ̀. Ó ti mọ aṣọ tó máa wọ̀: funfun tí kò funfun jù, bíi wàrà, kí apá rẹ̀ gùn dé ọrùn ọwọ́. Ó ti mọ fèrèsé tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ máa gbà wọlé. Bó bá ń to òdòdó fún ọmọ ọlọ́mọ, ti ọmọ tirẹ̀ ló máa ń rí. Ẹ̀rín á kàn gba ojú rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ á sì máa ṣẹ́jú síra wọn pé màmá ti tún rìnrìn àjò.

Olùkọ́ ti sọ tirẹ̀, kò sì pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó rí ara rẹ̀ tó ń làágùn, ó sì rí ìyàwó rẹ̀ tó ń bá a nu òógùn náà.

"Ṣé kò sí òdòdó kankan níbẹ̀ ni?" màmá bi í.

"Wọ́n á wà níbẹ̀, mà. Èmi ni mi ò wò wọ́n."

Ìdáhùn yẹn pa màmá lẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ràn ọmọkùnrin yìí.

"Mo rí fèrèsé tó ṣí sílẹ̀," ni àbíkẹ́yìn bẹ̀rẹ̀. Ojú rẹ̀ dì, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ bíi ti ẹni tí oorun ń kùn. "Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ kọ́tìnì. Ilé dákẹ́. Kò sẹ́ni tó ń pariwo pé òdòdó ò tíì dé. Mo ti wọ aṣọ mi, ẹ̀yin lẹ ń bá mi de bọ́tìnì ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ò sì kánjú."

"Ẹ̀n-ẹ́n." Inú màmá ń dùn.

"A dé gbọ̀ngàn. Ìmọ́lẹ̀ pọ̀, àmọ́ ó tura lójú. Mò ń rìn bọ̀ láàárín àwọn èèyàn, mo wo iwájú, mo rí yín. Ẹ jókòó. Ẹ ká ọwọ́ lé itan. Ẹ ń wò mí."

"Èmi jókòó kẹ̀? Ta ló wá ń rí sí iná? Ta ló dúró ti àwọn olórin?"

"Sísí Onídígí ni."

Sísí Onídígí ni obìnrin kejì tó ń ṣe ètò ìgbéyàwó ládùúgbò náà. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ òpópónà, dígí ló sì fi bo gbogbo ògiri ibẹ̀. Àbíkẹ́yìn la ojú láìjẹ́ pé ẹnì kan ní kó là á.

"Àlá kọ́ nìyẹn, Màámi. A ti lọ bá a sọ̀rọ̀, ó sì ti gbà."

"Sísí Onídígí! Èyí tó ń fi òdòdó oníke tan àwọn èèyàn jẹ!"

"Kò lò ó mọ́, Màámi."

"Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà láàyè, ẹ lọ bá ará ìta!"

"Orí mi ò wọ́. Ẹ ṣáà fara balẹ̀ gbọ́ mi."

Olùkọ́ da tirẹ̀ sí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹ má bínú, mà. Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀."

"Ìwọ, ìṣirò ni kó o máa bá mi ṣe. Má pòwe fún mi!"

Àbíkẹ́yìn mú fóònù rẹ̀ jáde, ó ṣí àwọn àwòrán ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ó sì gbé e síwájú ìyá rẹ̀. "Ẹ wá ara yín níbẹ̀, Màámi."

Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í wò. Aṣọ tábìlì ló kọ́kọ́ rí, wọ́n lọ̀ ọ́ dáadáa. Ó rí òdòdó, ó rí iná, ó rí àwọn àna rẹ̀ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló rí, lára òpó kan níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ tó ń so aṣọ ọ̀ṣọ́ tó tú.

"Nígbà tí Bùrọ̀dá ń jẹ́jẹ̀ẹ́, ojú ló ń wò kiri," ni àbíkẹ́yìn wí. "Ẹ̀yin ló ń wá. Ẹ wà lẹ́yìnkùlé, ẹ ń bá oníkéèkì fa ọ̀rọ̀."

"Kéèkì náà fẹ́ ṣubú!"

"Kó ṣubú, Màámi. Kéèkì ni."

Màmá ní kí àwọn méjèèjì máa lọ, pé iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀ fún òun, bẹ́ẹ̀ kò síṣẹ́ kankan nílẹ̀.

Ká má parọ́, ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun. Odindi ọ̀sẹ̀ ló fi ń rìn bí ẹni tó wà lójú oorun. Ó ń ká aṣọ, ó ń tú u, ó tún ń ká a. Ìgbéyàwó tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe lọ́kàn ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn, ọmọ tó bí nínú rẹ̀ ló sì gbà á.

Ní Sátidé, ó ṣe ìgbéyàwó kan fún àwọn oníbàárà. Ó dúró síbi tó máa ń dúró sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn tí wọ́n ń gbé oúnjẹ gbà wọlé. Nígbà tí ìyàwó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀jẹ́ rẹ̀, dípò kí màmá máa ka ife orí tábìlì, ó wo ìyá ìyàwó tó jókòó níwájú. Ìborùn obìnrin náà ti yọ̀ bọ́ sílẹ̀, kò mọ̀. Ẹnu rẹ̀ ń mì, ó ń bá ọmọ rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ náà láìsí ohùn. Kò rí òdòdó, kò rí iná, ọmọ rẹ̀ nìkan ló ń wò, omi sì ń dà lójú rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé bà lé e léjìká, ó dà bíi pé gbogbo gbọ̀ngàn náà ń léfòó.

Ẹ̀rù ba màmá. Níwájú lọ́hùn-ún, kò sí nǹkan tí ọwọ́ lè máa ṣe. Kò sí aṣọ tí èèyàn máa so, kò sí olórin tí èèyàn máa bá wí. Èèyàn á kàn jókòó, á máa wo ọmọ rẹ̀ tó ń lọ. Àṣé ohun tó ń sá fún látọjọ́ yìí nìyẹn, tó ń pè é ní iṣẹ́. Abẹ́là kan wọ́ lórí tábìlì, ó rí i, kò sì lọ tún un ṣe.

Ọjọ́ Ajé ló gba ṣọ́ọ̀bù Sísí Onídígí lọ. Bí Sísí ṣe rí i lẹ́nu ọ̀nà, tépù tó fi ń wọn aṣọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́, mà, àwọn ni wọ́n wá bá mi, mi ò..."

"Ta ló ń bá ẹ jà? Oníbàárà ni mí. Èmi ni ìyá ìyàwó."

Sísí mú un wọlé bí ẹni gbé ẹyin. Ó ní kó dúró sáàárín àwọn dígí náà, màmá sì rí ara rẹ̀ lọ́tùn-ún, lósì, iwájú àti ẹ̀yìn, ìyá ìyàwó rẹpẹtẹ tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò mọ ibi tó máa gbé ọwọ́ sí.

"Kọ́tìnì yìí, ta ló so ó ní wọ́kuwọ̀ku báyìí?"

"Màmá!"

"Mo ti dákẹ́."

Sísí ń ju aṣọ lé e léjìká níkọ̀ọ̀kan, ó ń ṣí wọn kúrò. "Àwọ̀ wo lọkàn yín fẹ́, mà?"

Màmá tó ti yan àwọ̀ fún ìyàwó láìlóǹkà tún wo àwọn aṣọ náà níkọ̀ọ̀kan. "Mi ò mọ̀," ló wí níkẹyìn. "Bá mi wò ó."

Sísí mú búlúù kan tó rọ̀, àwọ̀ ojú ọ̀run nígbà tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ tán. Ó bá a lára mu. Màmá fọwọ́ pa á, ó ń rí fèrèsé kan tó ṣí sílẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ tó ń rìn bọ̀.

"Bàtà pẹlẹbẹ la máa mú mọ́ ọn," ni Sísí wí, ó ti ń na ọwọ́ sí i. Gbogbo ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ló mọ̀ pé Màmá Òdòdó kì í wọ òmíràn lọ síbi ìgbéyàwó, nítorí ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ lè sáré dé ẹnu géètì, kó sì sáré padà.

"Gbé ìyẹn sílẹ̀," ni màmá wí. Ó jókòó, ó sì na ẹsẹ̀ síwájú. "Bàtà gogoro ni kó o fún mi. Èyí tí mi ò ní lè fi sáré lọ ibì kankan."